Ọwọ́ Òsì Tí N Kò Rí

Inú kíláàsì ìyàwó mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti fún ọmọbìnrin kan ní máàkì tó ga jù lọ́dún náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe olùkọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, èmi ni wọ́n sì rán wá wo bí ọmọbìnrin náà, akẹ́kọ̀ọ́ wa, ṣe ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Ìbéèrè yòówù kó bi àwọn ọmọ, gbogbo kíláàsì ló ń nawọ́, ẹni tó bá sì pè mọ ìdáhùn. Mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ìyàwó mi, olùkọ́ wọn gan-an, jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí à ń jẹun nílé, ó ní, "Dádì, ọwọ́ wo làwọn ọmọ yẹn nà sí yín?"

"Ọwọ́ mélòó lèèyàn ní?"

"Méjì. Àwọn tó mọ ìdáhùn na ọ̀tún, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n na òsì. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi kọ́ wọn. Ìyẹn nìkan náà ló kọ́ wọn."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo máa ń lé ọmọ padà bó bá fi ọwọ́ òsì gbé omi fún mi, ìdajì kíláàsì na òsì sí mi lójú, n kò rí i. Fọ́ọ̀mù ni mò ń wò.

"Ẹ padà lọ lọ́la, ẹ má jẹ́ kó gbọ́."

Mo ní wọ́n ń retí mi ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní Ìrẹsà.

"Àwọn yẹn náà ti ń kọ́ ọwọ́ nínà," ó wí, ó kó àwo.

Ó tún gbogbo ẹ̀kọ́ náà kọ́ àwọn ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún lẹ́yìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Nígbà tí àìsàn dé, ó ń jókòó kọ́ wọn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní, "Fún ta ni?"

Nígbà tó kú, ọmọbìnrin yẹn ni wọ́n gbé kíláàsì rẹ̀ fún. Ìwé-ẹ̀rí tí mo fọwọ́ sí ló gbé e débẹ̀.

Láìpẹ́ sí i, kọ́lẹ́ẹ̀jì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì: ǹjẹ́ ètò wa ń múra àwọn olùkọ́ sílẹ̀ tó? Kí n tó dáhùn, mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo jókòó sórí àga ìyàwó mi.

Ọmọ tuntun ni wọ́n, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni. Bí wọ́n ti rí àlejò, ọwọ́ ti ń yọ kí olùkọ́ tó parí ìbéèrè. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wò ó. Òsì pọ̀ ju ọ̀tún lọ. Mo bẹ olùkọ́ pé kó pe ọmọ tó na òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọmọ náà dìde, ó ń wo olùkọ́ rẹ̀. "Mà, ẹ ní ẹ ò ní pe òsì."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo yọ fọ́ọ̀mù náà níbẹ̀, mo kọ "Rárá" sí i. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ orúkọ ara mi sí, pé èmi ni mo fún olùkọ́ yìí ní máàkì.