Ẹni Tí Yóò Bá Mi Gbọ́ Ariwo Búùtù

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ bá ọmọ wa obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun lókè òkun ni ọkọ̀ mi ti ń pariwo nínú búùtù. N kò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì o. Orí mi ṣì pé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tó wà nílé, ariwo kì í pẹ́ nínú ọkọ̀ mi. Alhaja ní etí. Ó lè máa bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kó sì fọwọ́ tọ́ mi pé, "Alhaji, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tó ń ké yẹn? Lẹ́yìn ọ̀hún ni." Èmi á ní kò sí nǹkan kan. Tó bá di ọjọ́ kejì, mẹkáníìkì á yọ nǹkan náà jáde láti ẹ̀yìn ọ̀hún gan-an. Alhaja ò ní sọ̀rọ̀, á kàn máa tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

Nígbà tó ń lọ, a jọ mọ ọjọ́ tó máa dé. Ọjọ́ náà kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọmọ wa pè mí. Ó ní òun fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, pé ṣé Mọ́mì lè dúró títí ọmọ á fi tó ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Bí mo bá ti gbà, òun á sún ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ Mọ́mì síwájú.

"Kò burú," ni mo wí.

Alhaja gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn bẹ́ẹ̀?"

"Kí ló fẹ́ ṣe mí? Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni?"

Ó ní ó dáa. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mọ òwe náà dáadáa. Àìmọye ìgbà ni mo ti pa á fún àwọn ọmọ wa nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n kí ni ǹ bá sọ? Pé àgbàlagbà bíi tèmi ò lè dá jẹun? Mo ń jẹun. Ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n ń gbé wá fún mi láti ilé àbúrò mi ò burú. Tí mo bá jẹ ẹ́ tán ni mo máa ń jókòó ti àwo náà, tí n kò mọ ẹni tí n ó sọ fún pé iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ilé dákẹ́, ọkọ̀ ò dákẹ́. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi nítòsí Ìjagun. Gbà-gà, gbà-gà, nígbàkígbà tí mo bá já sí kòtò. Ó ní ṣọ́kù ẹ̀yìn ni. A pààrọ̀ rẹ̀, ariwo ò lọ. Ó ní kí n kó gbogbo ohun tó wà nínú búùtù sílẹ̀, táyà ìpamọ́, jáàkì, ike omi. Búùtù ṣófo, ariwo ò lọ. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó so páìpù èéfín le. Pàbó. Níkẹyìn, ó da ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn dé iwájú, kí inú ọkọ̀ àti inú búùtù lè di ọ̀kan.

"Alhaji, irú ariwo báyìí, ẹni méjì ló ń wá a," ó ní. "Ẹnì kan á máa wakọ̀, ẹnì kejì á wà lẹ́yìn, á máa tẹ́tí. Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ́ńjìnnì tí mo tú sílẹ̀ yìí, màá bá yín jókòó sẹ́yìn tó bá di ìrọ̀lẹ́."

Ìrọ̀lẹ́ kẹ̀? Bí Ọlọ́run ṣe ń pín sùúrù, èmi ti lọ sọ́jà. Mo wọ ọkọ̀, mo pe Alhaja.

"Mo fẹ́ kí o bá mi gbọ́ nǹkan kan," ni mo wí. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fi tówẹ̀lì wé fóònù, mo tẹ́ ẹ sínú búùtù, mo pa á dé, mo sì kọjú sí ọ̀nà Ìmùṣin, níbi tí kòtò ò ti wọ́n.

Níbẹ̀rẹ̀, mo rántí pé ó ń gbọ́ mi. Bí mo bá rí kòtò, màá pariwo pé, "Ó tún ń bọ̀ o!" Gbà-gà. Nígbà tó ṣe, mo gbàgbé. Mo dé ibi tí obìnrin kan ti ń sun àgbàdo, ẹsẹ̀ mi sì tẹ bíréèkì kí n tó mọ̀. Alhaja kì í kọjá lára àgbàdo sísun. Mo yíjú sí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi, bí ẹni pé mo fẹ́ bi í bóyá ká rà.

"Ta ni n ó rà á fún?" ni mo wí sókè. "Eyín mi ò gbà á mọ́. Ìwọ lo máa ń yọ ọ́ sí mi lọ́wọ́."

Ẹnu mi ò wá dúró mọ́. "Mo ní kò burú. Ó burú. Ilé náà tóbi jù fún mi. Mo máa ń gbé rédíò sí yàrá rẹ kí n lè máa gbọ́ ohùn èèyàn níbẹ̀. Àárò rẹ ń sọ mí. Jọ̀ọ́, máa bọ̀ nílé."

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, mo tún já sí kòtò bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà ni mo dúró sábẹ́ igi kan, mo ṣí búùtù, mo gbé fóònù.

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

Ó ní, "Kì í ṣe ìsàlẹ̀. Lókè ni, irin ló ń lu irin. Bí ẹ bá já sí kòtò, á ké. Bí ẹ bá jáde, á tún ké. Ẹ wo ìdérí búùtù yẹn dáadáa."

Mo pa ìdérí náà dé, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó mì. Rọ́bà kékeré tí ìdérí máa ń sinmi lé lápá ọ̀tún ti jẹ tán. Mo gé lára tíúbù àtijọ́ tó wà lábẹ́ ìjókòó mi, mo ká a, mo kì í síbẹ̀, mo sì pa búùtù dé. Ó wọlé le. Mo gbé fóònù sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi, mo yí orí ọkọ̀ padà sílé, sí Ìjẹ̀bú-Òde. Kòtò kan, kòtò méjì, kò sí ohun tó ké.

"Ó ti dákẹ́," ni mo wí. "Etí rẹ yìí, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó di."

"Etí mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, Alhaji. Gbogbo rẹ̀."

Mo rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnnì.

"Ọmọ yín ló jókòó tì mí yìí," ó ní. "Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un. Ohun tí ẹ sọ fún búùtù, ẹ sọ ọ́ fún òun náà."

"Dádì?" ni ọmọ mi wí.

Ó ku díẹ̀ kí n sọ pé mo kàn ní kí n kí i ni. "Ọmọ mi," ni mo wí, "má sún ọjọ́ náà mọ́. Mo fẹ́ kí ìyá rẹ padà wálé."

"Ó dáa, Dádì," ó ní. "Ẹ̀yin ni ẹ ò tètè sọ."

Ọmọ-ọmọ mi bú sẹ́kún lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ tí Alhaja gbé e, tó ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi, pẹ̀lẹ́," ọmọ náà sì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbọ́ bí ọmọbìnrin mi ṣe ń mí, bí ẹni tó ń gbé ẹkún mì. Wọ́n ń fẹ́ Alhaja lọ́hùn-ún bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ níbí. Bàbá mìíràn ì bá sọ pé kó fi ìyá rẹ̀ sọ́dọ̀, pé òun á máa rọ́gbọ́n dá. Mo di sítíárìn ọkọ̀ mú, n kò sì gba ọ̀rọ̀ mi padà.