Ìgbálẹ̀ Tó Ń Ṣíwájú Baba

Onígbálẹ̀ ni wọ́n ń pe baba níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sínú ọkọ̀ ojú irin, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò gbálẹ̀ níbẹ̀ rí. Gáàsì tí wọ́n ń pè ní háídírójìn ni àwọn ọkọ̀ náà ń lò. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bó bá sì gbiná lójú oòrùn, ojú lásán kì í rí iná náà. Ìdí nìyẹn tí baba fi máa ń na ìgbálẹ̀ síwájú bó bá ń rìn lẹ́bàá àwọn páìpù.

Ọ̀gá tuntun fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Baba, a ní ẹ̀rọ tó ń ké bí gáàsì bá jò."

"Ẹ̀rọ lè sùn, ọ̀gá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì jọ ń lọ lẹ́bàá àwọn páìpù. Ẹ̀rọ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Kò sí èéfín, kò sí nǹkan kan níwájú wọn. Ṣàdédé ni ẹnu ìgbálẹ̀ pọ́n, tó ń di eérú nínú afẹ́fẹ́ lásán. Baba fọwọ́ dá ọ̀gá dúró láyà.

"Ẹ má gbẹ́sẹ̀."

Ìṣísẹ̀ kan péré ló kù.

Láti ọjọ́ náà, baba kì í wọ yàrá nílé láìjẹ́ pé ìgbálẹ̀ kọ́kọ́ wọlé. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Baálé mi, yàrá wa nìyí. Kí lẹ ń wá?"

"Bí mo bá lè rí i ni, mi ò ní máa wá a."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi sú u. Ní báyìí, bí baba ò bá sí nílé, ìta ló máa ń jókòó sí de òun àti ìgbálẹ̀ rẹ̀.