Ìdọ̀bálẹ̀ Inú Fíìmù Tí Màmá Wa Dáhùn

Ọjọ́ tí wọ́n fi fíìmù ẹ̀gbọ́n mi Wàsíù hàn níbi àjọ̀dún fíìmù n'Íkẹjà kò ní kúrò lọ́kàn mi láé. Màmá wa, tó ń ṣe búrẹ́dì l'Ágége, kò tilẹ̀ fẹ́ bá wa lọ. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ torí fíìmù ni wọn kò ti pe oríkì rẹ̀, Àjàní, mọ́. "Wàsíù" lásán ni wọ́n ń pè é. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi wé gèlè.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Fíìmù ń lọ dáadáa títí ó fi kan ibi tí ọmọkùnrin kan ti dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀ kó tó rìnrìn àjò. Bí ìyá náà ṣe lanu báyìí, ohùn fíìmù bá lọ, àwòrán nìkan ló ṣẹ́ kù! Wàsíù káwọ́ lérí.

Àfi bí màmá wa ṣe dìde fùú. "Ṣé ẹ máa wá fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ ni? Dìde, Àjàní ọmọ mi! Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire!"

"Àmín!" ni gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ náà ni ọmọ inú fíìmù dìde! Ariwo ayọ̀ sọ.

Wàsíù sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àga.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà dìde, Àjàní. Wàá ṣe fíìmù títí wàá fi darúgbó."

Àmín tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, kò sí bí wọn ò ṣe ní gbọ́ ọ ní Aláúsá.