Bí A Ṣe Ń Jí Ẹni Tó Ti Ojú Ogun Dé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣẹ̀sín. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹnu mi kì í sì í yá láàárín èèyàn. Bí mo ṣe rántí rẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi iṣẹ́ ṣọ́jà sílẹ̀ lókè Ọya, ó padà sílé ìyá wa ní Oǹdó. Ara rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n oorun rẹ̀ kò pé. Láti kékeré wa, ọwọ́ ni ìyá wa fi ń jí wa. Wọ́n á fọwọ́ pa wá lẹ́yìn, wọ́n á máa kì wá títí a ó fi lajú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde, ó lọ́ wọn lọ́wọ́ mọ́ ògiri. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò rí wọn. Ìgbà tí wọ́n kígbe ló tó mọ̀ pé ìyá òun ni. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún.

Ọwọ́ ìyá wa wú. Wọ́n sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn ṣubú ni. Ẹ̀gbọ́n mi di ẹrù rẹ̀ sínú àpò, ó ní òun ń lọ, kí òun má baà pa ìyá òun. Ìyá wa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì kan ní Àkúrẹ́, tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ojú ogun dé. Ó gbà, wọ́n sì ní kí n bá a lọ.

“Àbí wèrè ni mí, nọ́ọ̀sì?” Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ bi í nìyẹn nígbà tí a débẹ̀.

“Wèrè wo ló ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó gún báyìí? Ẹ jókòó jàre.”

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Níbi tí a wà, bí ẹnìkan bá fọwọ́ kàn ọ́ lójú oorun, ọ̀tá ti dé nìyẹn.”

“Báwo ni wọ́n ṣe ń jí yín nílé?”

Ó sorí kọ́. Èmi tí n kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ni mo dáhùn: “Ọwọ́ ni, mà.”

“Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Kí ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ó lo ohùn, kí ó jẹ́ kó mọ̀ pé ilé ló wà. Ẹ̀gbọ́n, èyí nìkan kọ́ o. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ṣì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀.”

“Ta ló máa dúró? Ẹ̀rù mi ń ba ìyá mi.”

“Àbúrò yín ńkọ́?”

Ó wò mí. “Èyí? Tó bá kí èèyàn, àfi kéèyàn bi í bóyá ó kí òun.”

A padà dé Oǹdó. Kò tú ẹrù rẹ̀. Ó gbé àpò náà sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní tílẹ̀ bá mọ́, òun á mọ èyí tí òun máa ṣe.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò náà. Ìyá wa wà lẹ́yìn mi, wọ́n fi ọwọ́ tó wú mọ́ àyà. Àbúrò kì í pe oríkì ẹ̀gbọ́n, nítorí náà oríkì ìdílé wa ni mo kì. Ohùn mi kò kọ́kọ́ jáde. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Mo ní, “Oǹdó la wà. Ilé ìyá wa ni.” Mo tún kì í.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ mì. Ó lajú, ó ń wo àjà.

“Mo gbọ́,” ó ní. “Má tíì dákẹ́.”

N kò dákẹ́. Nígbà tó jáde lọ bọ́jú, mo tú àpò náà, mo sì fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ́ sára ògiri.