Iye Kan Ṣoṣo Tí Tíṣà Pè

Ilé oníyàrá mẹ́fà ni Tíṣà Titus Afọláyan kọ́ sí Àpòmù, lọ́nà Ìkòyí. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ ọ. Bó bá gbowó oṣù, á ra àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Ní 1992, ó fẹ́ tà á, nítorí nǹkan kan ń dàgbà nínú ikùn Jemima, ìyàwó rẹ̀. Àwọn dókítà Ìbàdàn ní bí wọn kò bá fi iṣẹ́ abẹ yọ ọ́ kí ọdún tó parí, kí wọ́n má wulẹ̀ gbé e wá mọ́.

Tíṣà bi bíríkìlà àti kápẹ́ńtà léèrè iye tí ilé náà tó, ó gbàdúrà sí i, ó wá pe ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà. Ọgọ́rin náà ló sì fẹ́ gbà. Gbogbo wa níbí, bí a bá fẹ́ gba ọgọ́rin, ọgọ́fà là ń pè, kí ẹni tó ń ná an lè rí nǹkan gé kúrò. Tíṣà ní irọ́ nìyẹn, pé onígbàgbọ́ kì í pe ohun tí kò ní í gbà.

Àlàájì Gàrúbà, tó ń ra kòkó n'Íkirè, ló kọ́kọ́ wá. Ó yí ilé ká, ó fọwọ́ gbá ògiri, ó ní òun á san àádọ́ta. Tíṣà ní ọgọ́rin. Àlàájì gbé e dé ọgọ́ta, Tíṣà ní ọgọ́rin.

"Tíṣà, ìṣirò kọ́ nìyí o," ni Àlàájì wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ gé díẹ̀ níbẹ̀, kí n lè délé sọ pé mo ná an."

Tíṣà kò gé kọ́bọ̀. Àwọn mẹ́ta mìíràn wá láàárín oṣù méjì, bákan náà ló rí. Wọ́n wá ń sọ lọ́jà pé ilé tí wọn kò jẹ́ kéèyàn ná, ẹjọ́ ló wà lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Jemima ti ń rù. Nígbà tí kò lè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, èmi tí a jọ wà ní ìjọ kan náà lọ bá Tíṣà. Mo ní Ọlọ́run mọ ọkàn rẹ̀, kó fi nǹkan lé e bí gbogbo ayé ti ń ṣe. Ó pẹ́ kó tó ní ó dáa.

Ọjọ́ kẹta, Àlàájì padà wá. Mo wà níbẹ̀. Ó gbé àpò kan lé itan, ó béèrè àlàáfíà Jemima, ó wá bi Tíṣà pé èló ló ń pè é báyìí.

Tíṣà wojú mi. Ó ní, "Ọgọ́fà."

Àlàájì fọwọ́ gbá àpò náà. "Ọgọ́rin ló wà nínú àpò yìí," ló wí. "Ẹjọ́ tí wọ́n ń sọ, mi ò gbà á gbọ́. Mo ní mo rí onígbàgbọ́ kan l'Ápòmù tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í yí. Kí lẹ wá ń fi pamọ́ fún mi, Tíṣà?"

Tíṣà bẹ̀ ẹ́ kó jókòó, pé òun á gba ọgọ́rin. Ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Àlàájì ní ẹni tó já ogójì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní ohun tó ń sá fún. Ó gbé àpò rẹ̀ lọ, ìlú Wásinmi ló ti wá ra ilé.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì la sin Jemima sí ẹ̀yìnkùlé ilé náà. Tíṣà kò dá mi lẹ́bi rí. Orí ìjókòó kan náà la máa ń jókòó sí lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ǹ bá fi pa ẹnu mọ́. Àwọn èèyàn ń bi mí, mo ń sọ fún wọn pé Ọlọ́run ló mọ ìdí ẹ̀. Mo ṣì ń retí kó dá èmi náà lójú.