Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Iwájú Ilé Wa

Ọjọ́ Sátidé ni, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kù díẹ̀, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí iná pupa kékeré kan tó ń ṣẹ́jú níwájú Bàámi. À ń bọ̀ láti oko wa lọ́nà Tápà, iṣu wà lẹ́yìn ọkọ̀, òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwòrán bátìrì ló wà lára iná náà. Bí Bàámi bá tẹ ọkọ̀, iná náà á kú. Bí wọ́n bá rọra, á tún tàn.

"Bàámi, ẹ wo iná yìí."

"Ó ti ń tàn tipẹ́. Èmi ló ń kí."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti ń wo nǹkan mìíràn. Ọ̀pá tó ń nu òjò lójú gíláàsì ń lọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Nígbà tí wọ́n tan iná iwájú, rédíò dákẹ́. Mo sọ fún ara mi pé bátìrì tó ti ń kú lọ lè fà á, ó sì lè jẹ́ ọ́tánétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì bí ọkọ̀ bá ṣe ń ṣiṣẹ́. Mi ò tíì mọ èwo.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí, nítorí ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìbàdàn, níbi tí èmi náà ń gbé, ti sọ pé bí ọkọ̀ yẹn bá tún dá Bàámi dúró sójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i, a máa tà á ni. Bàámi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Oko ló kù tí wọ́n ń jí sí láràárọ̀, orúnkún wọn ò sì gba ọ̀kadà mọ́. Bí ọkọ̀ bá lọ, oko náà lọ nìyẹn.

Ní Igbó-Ọrà, iwájú ilé wa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni Bàámi ti ń páàkì síbẹ̀, tí imú ọkọ̀ á kọ ìsàlẹ̀. Láàárọ̀, wọ́n á tú búrèkì, ọkọ̀ á yí lọ, wọ́n á ki jíà bọ̀ ọ́, á sì jí. Wọ́n ní báyẹn ni kọ́kọ́rọ́ kì í fi í tètè jẹ. Gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ ládùúgbò wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó rò ó: ọkọ̀ tí a kì í fi kọ́kọ́rọ́ jí, báwo la ṣe máa mọ ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ kò lè jí i mọ́?

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo bẹ Bàámi, a gbé bátìrì lọ cháàjì kó kún dáadáa. Lẹ́yìn náà a gbé ọkọ̀ sí orí ilẹ̀ tó tẹ́jú, níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó múlé tì wá. Télọ̀ yọjú sí Bàámi.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ti kó wá sọ́dọ̀ mi ni?"

"Ọmọ yìí ló ní kí ọkọ̀ wá ṣe ìdánwò."

"Ẹ̀yin tíṣà! Ọkọ̀ pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ yín."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kọ́kọ́rọ́ jí i kíá. Bàámi wò mí. "Ṣé o rí i? Bátìrì náà ni." Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lò ó di ìrọ̀lẹ́ ná. A lọ sóko, a lọ sí Ìgangan lọ kó igi ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ gbìn, a sì padà sí iwájú télọ̀. Nígbà tí Bàámi tún yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ó ti rìn látàárọ̀, síbẹ̀ bátìrì tó kún ti gbẹ. Èmi ti fura sí ọ́tánétọ̀ báyìí, àmọ́ bátìrì tí kò lè gba iná dúró náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò búra.

A tún cháàjì bátìrì, a sì gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ríwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Èrúwà. Ó fi mítà tó ń wọn agbára iná sórí bátìrì nígbà tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, ó ní kí Bàámi tẹ ọkọ̀. Nọ́ńbà tó yẹ kó gòkè ń lọ sílẹ̀ ni.

"Bàbá, bátìrì yín ò ṣe nǹkan kan. Ọ́tánétọ̀ ni kò bọ́ ọ."

Ó tú u. Àwọn ẹ̀yà dúdú kékeré méjì tó wà nínú rẹ̀ ti jẹ tán. Ó pààrọ̀ wọn, ó tún fi mítà sí i, nọ́ńbà sì gòkè níṣojú mi.

Nígbà tí a délé, Bàámi ti kọrí sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí wọ́n tó rántí. Wọ́n wò mí, wọ́n fi rìfáàsì padà sí iwájú télọ̀.

"Bàbá Ìbejì, ìdánwò ò tíì parí ni?"

"Èsì la wá gbà."

Lọ́jọ́ kejì mo ń padà sí Ìbàdàn. Bàámi yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ jí, iná pupa náà sì kú. Ẹ̀gbọ́n mi máa bi mí bóyá ọkọ̀ yẹn ṣeé gbọ́kàn lé. Mi ò mọ̀ ọ́n ní ti ọ̀la. Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí i ni èyí tí mo fojú rí: Bàámi wà mí dé gáréèjì, wọ́n tan iná iwájú lọ́sàn-án gangan kí n lè rí i, rédíò kò sì dákẹ́.