Ọwọ́ Tó Ń Yí Ojú Ọmọ Sí Omi

Ọmọ Ìkéré-Èkìtì ni Oyèrónkẹ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Aradagun débi pé àwọn ará àdúgbò kì í bi í mọ́ pé ìgbà wo ló máa padà sílé. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ijó àti eré orí ìtàgé. Abẹ́òkúta ni ọkọ rẹ̀, Dàmọ́lá, ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù ló máa ń wálé. Oyèrónkẹ́ àti ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, Ìtùnúolúwa, ló jọ ń gbé.

Òṣèré ni kó tó bímọ. Nígbà tó lóyún Ìtùnú, ọ̀gá tó ń darí eré wọn wò ó láti òkè délẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́, ó ní, "Rónkẹ́, lọ jókòó. Ẹni tó ń gbé oyún kiri, kí ló tún fẹ́ fi ara ṣe?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó lọ jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò jókòó nínú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ dé, tó ń fi ọwọ́ kan ro ọbẹ̀, tó ń fi èkejì gbá ọmọ mú sẹ́yìn, tó tún ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó rí i pé òun kò tíì jó ijó kan rí tó gba ọgbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìyá ọlọ́mọ jọ ṣeré nìyẹn.

Níbi ìdánrawò tirẹ̀, kò sí àga ọ̀gá. Àárín gbangba ni wọ́n ń tẹ́ ẹní àwọn ọmọ sí, wọ́n á máa ṣeré yí wọn ká. Bí ọmọ bá sunkún, obìnrin tó bá sún mọ́ ọn jù lọ á gbé e pọ̀n, eré á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kì í pín ọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni kọ́ sórí. Ohun tó máa ń béèrè ni pé, "Kí ni ara yín ṣe lónìí?" Obìnrin náà á dìde, á fi hàn, inú ìyẹn ni eré á ti jáde. Bí ẹni tó ni ín bá ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n á yọ ọ́. "Ara yín kì í ṣe tèmi," ni Oyèrónkẹ́ máa ń wí.

Lọ́dún kan, Màdámù Jayéọlá ló ṣe onígbọ̀wọ́ wọn. Láti Imeke dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, kò sẹ́ni tí kò mọ obìnrin yìí. Aṣọ ló ń kó wá láti Kútọnu, ó nílé tó ń fi háyà, ó sì ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ aláìní wá ibi iṣẹ́ lẹ́yìn ẹnubodè. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, ẹ̀gbà ọwọ́ sì máa ń kún ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Eré kan ló fẹ́, fún àwọn àlejò tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Gberefu láti wo ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ.

"Ẹ ṣáà ṣe é kó dùn ún wò," ó ní. "Ṣẹkẹṣẹkẹ̀ lọ́rùn, ẹkún díẹ̀, orin díẹ̀. Ohun tí àlejò ń fẹ́ nìyẹn."

Nígbàkigbà tó bá wá wò wọ́n, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára Ìtùnú.

"Ọmọ yìí ń dàgbà o. Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mẹ́rìnlá, mà," Oyèrónkẹ́ dáhùn.

"Ó yẹ kó gbọ́ Faransé. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Kútọnu tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní aṣọ rírán. Jẹ́ kó lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwọ náà á ráyè ṣiṣẹ́ rẹ."

Oyèrónkẹ́ dúpẹ́, ó ní òun á bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an lásìkò yẹn. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Ní Sátidé kan, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi tí Mọ́ṣúdù ń wà sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu, kí ẹsẹ̀ wọn lè mọ iyanrìn náà kí ọjọ́ eré tó pé. Òjò kò rọ̀, oòrùn kò ràn. Òkun ń bú ramúramù lẹ́yìn àwọn igi àgbọn. Ó ti hú àwọn kan tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n sùn gbalaja bí ẹni tí wọ́n tì ṣubú.

"Gbogbo ayé ló mọ bí wọ́n ṣe ń de ẹrú," Oyèrónkẹ́ sọ fún wọn. "Ẹ fi ìyá hàn mí. Ohun tí ọwọ́ yín ṣe kẹ́yìn kí ọmọ tó kúrò lọ́dọ̀ yín, kódà kó jẹ́ pé ilé ìwé ló ń lọ."

Ẹnì kan so okùn bàtà. Ẹlòmíràn nu ikun imú ọmọ, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Tàwàkálítù dìde. Ẹja ló máa ń yan ní Imeke. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bí ara rẹ̀ bá sì gbóná, èdè Ègùn ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó wé gèlè fún ọmọ tí kò sí níbẹ̀. Ó gbọn eruku kúrò léjìká rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí i. Ó wá kúrò ní ipò ara rẹ̀, ó lọ dúró lẹ́yìn ọmọ náà bí ẹni pé ó ti di ẹlòmíràn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọrùn ọwọ́ náà tẹ̀, ó ń gbọ̀n díẹ̀ bí ọwọ́ tí ẹ̀gbà ọwọ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ó bo ojú ọmọ, ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí ojú rẹ̀ sí omi.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Àdùní, tó ń gbé ní Aradagun, dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Òun so ọ̀já mọ́ ọmọ tirẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ nídìí, ó gbé ẹrù lé e lórí. Òun náà kúrò ní ipò rẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ọmọ. Ọwọ́ kan náà ló jáde. Ọrùn ọwọ́ kan náà ló tẹ̀.

"Ṣé ẹ jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni?" Oyèrónkẹ́ béèrè.

"Rárá, Àǹtí."

"Ta ló ni ọwọ́ yẹn?"

Àwọn méjèèjì wo ìdí igi àgbọn. Oyèrónkẹ́ gbójú sókè, ó rí Màdámù, tó ti wá wò wọ́n, lábẹ́ àgbọn. Ó ti ki ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tòun tẹ̀gbà, bọ abẹ́ ìborùn.

"Ẹ yọ ìyẹn kúrò," Màdámù ní. "Kò dáa. Ó ń fa ìbànújẹ́."

"Eré ẹrú ni, mà."

"Mo ní kí ẹ yọ ọ́." Ohùn náà ṣì tutù.

Nígbà tí Oyèrónkẹ́ délé, ó bá báàgì tuntun kan lórí bẹ́ẹ̀dì Ìtùnú, aṣọ ti kún inú rẹ̀.

"Báàgì ta nìyí?"

"Màdámù ló fi ránṣẹ́, Mọ́mì. Wọ́n ní ẹ ti gbà. Wọ́n ní ọjọ́ Ajé la máa lọ."

"Kí ni wọ́n tún sọ?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní bí mo bá ti wọkọ̀, kí n má wẹ̀yìn. Wọ́n ní ọmọ tó bá wẹ̀yìn kì í ṣoríire."

Oyèrónkẹ́ rántí ọwọ́ tó yí ojú ọmọ sí omi. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra títí ọmọ fi ní, "Mọ́mì, ẹ ń fún mi mọ́ra jù." Ó pe Dàmọ́lá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, Dàmọ́lá ti dé, ó mú ọmọ lọ sí Abẹ́òkúta. Wọn kò sọ ibi tó lọ fún ẹnikẹ́ni.

Oyèrónkẹ́ lọ bá Tàwàkálítù nídìí ẹja ní Imeke.

"Ìyá Àmínátù, ohun tí ẹ ṣe lórí iyanrìn yẹn, tiyín ni. Bí ẹ bá ní kí n yọ ọ́, màá yọ ọ́. Ẹ kò ní láti ṣàlàyé."

Tàwàkálítù yí ẹja padà lórí iná.

"Láti ọjọ́ tí Màdámù ti mú Àmínátù lọ, n kò gbóhùn rẹ̀ rí. Bí mo bá béèrè, á ní ara rẹ̀ le. Ilé rẹ̀ ni mò ń gbé, Àǹtí. Ẹnu mi kò gbà á." Ó nu ojú, èéfín lè wà nínú rẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀. Ara mi ti sọ ọ́ tán."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Màdámù wá gba báàgì rẹ̀. Kò wọlé. "Mo gbọ́ pé ọmọ ti rìnrìn àjò," ó ní. "Kò burú. Ṣùgbọ́n rántí pé àlejò ni ọ́ níbí, Rónkẹ́."

Oyèrónkẹ́ pe àwọn obìnrin jọ, ó sọ fún wọn pé ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kó dúró sílé, kò sí ìbínú. Lọ́jọ́ eré, gbogbo wọn ló wọkọ̀.

Àwọn àlejò ti yọ fóònù jáde. Àwọn ará Gberefu àti Imeke dúró lẹ́yìn wọn. Màdámù jókòó sórí àga ní iwájú pátápátá. Kò sí ṣẹkẹṣẹkẹ̀ nínú eré náà. Àwọn obìnrin pọnmọ wá láti ìhà òkun, wọ́n wé gèlè, wọ́n so ọ̀já fún ọmọ tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn na ọwọ́ kan ṣoṣo yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n yí ojú ọmọ sí omi.

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, nítorí ó rẹwà. Àtẹ́wọ́ náà kú nígbà tí obìnrin kan láàárín àwọn òǹwòran lọgun ní Ègùn. Òun náà na ọwọ́ náà, ó sì fi èkejì tọ́ka sí àga iwájú. Ìyá arúgbó kan tún na tirẹ̀.

Màdámù dìde, ó gbọ̀nà ọ̀sà. Àwọn obìnrin kò sáré, wọn kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n kàn rìn tẹ̀ lé e, tọmọtọmọ lẹ́yìn, wọ́n wọ inú omi títí dé orúnkún, wọ́n yí ọkọ̀ ká.

"Mọ́ṣúdù, tan ẹ́ńjìnì!"

Mọ́ṣúdù gbé ọwọ́ kúrò. "Mà, ọmọ wà nínú omi."

Tàwàkálítù dúró níwájú rẹ̀. "Ọmọ mi dà?"

Nínú ọkọ̀ yẹn ni àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ránṣẹ́ pè ti wá bá Màdámù. Wọ́n rí Àmínátù ní ilé kan ní Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ń lò ó bí ẹrú. Ó ti rù hangogo. Títí di òní, kì í jókòó sítòsí ilẹ̀kùn. Ẹnìtàn, ọmọ Àdùní, ni wọn kò rí. Wọ́n ní wọ́n ti mú un kọjá síwájú, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí síwájú náà wà.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba onídùúró Màdámù, ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Oyèrónkẹ́ ń kọjá, Màdámù kí i látẹnu ọ̀nà.

"Rónkẹ́, Ìtùnú ńkọ́? Ṣé afẹ́fẹ́ Abẹ́òkúta bá a lára mu?"

Oyèrónkẹ́ yára ẹsẹ̀. Ó rìn títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀, ó wá pe Dàmọ́lá.

"Ọmọ dà?"

"Ó wà ní ìta, ó ń fọ aṣọ."

"Pè é wọlé. Pè é báyìí."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló lọ mú un padà wá sí Aradagun, ibi tí ojú òun lè tó o. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà sọ pé ọmọbìnrin kankan kò ní dá rìn lọ sí ilé ìwé mọ́, àwọn á máa pín in ṣe láti sìn wọ́n lọ. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, Àdùní ló kan ilẹ̀kùn. Ó gba báàgì ìwé lọ́wọ́ Ìtùnú, ó gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀, wọ́n sì jọ bọ́ sójú títì.